Ambroise Paré, onígbàjámọ̀ tó di oníṣẹ́ abẹ fún ọba mẹ́rin

Bí dókítà bá ń ṣe iṣẹ́ abẹ lónìí tí iṣan ẹ̀jẹ̀ kan sì já, ó lè fi nǹkan mú ẹnu iṣan náà, kó fi òwú so ó, kí ẹ̀jẹ̀ dá. Lójú ẹni tó ń ṣe é lójoojúmọ́, nǹkan kékeré ni. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí 470 ọdún sẹ́yìn ní ilẹ̀ Faransé, irin tí wọ́n ti sun nínú iná títí tó fi pọ́n ni wọ́n fi ń dá ẹ̀jẹ̀ ẹni tí wọ́n bá gé lẹ́sẹ̀. Ẹni tó ní kí wọ́n gbé irin náà jù sílẹ̀ kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì. Onígbàjámọ̀ ni, Ambroise Paré ni wọ́n ń pè é.

Ní nǹkan bí ọdún 1510 ni wọ́n bí i ní Bourg-Hersent, lẹ́bàá ìlú Laval. Kò kọ́ èdè Látìn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹni tí kò bá gbọ́ Látìn nígbà náà kò lè di dókítà. Iṣẹ́ onígbàjámọ̀ ló kọ́. Ní ilẹ̀ wa náà, onígbàjámọ̀ ayé àtijọ́ kì í fá orí nìkan. Àwọn mìíràn nínú wọn ń dá abẹ́ fún ọmọ, wọ́n sì ń sín gbẹ́rẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ti Paris rí. Àwọn dókítà wọ aṣọ ńlá, wọ́n ń sọ Látìn, wọn kì í fọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ abẹ ẹgbẹ́ Saint-Côme tẹ̀ lé wọn. Onígbàjámọ̀ ló wà nísàlẹ̀ pátápátá, òun ni wọ́n sì ń pè bí eéwo bá fẹ́ẹ́ tú tàbí bí ẹnìkan bá gbọgbẹ́. Nígbà tí Paré dé Paris, ó ṣiṣẹ́ fún bí ọdún mẹ́ta ní Hôtel-Dieu, ilé ìwòsàn àwọn tálákà. Ibẹ̀ ni yunifásítì tirẹ̀.

Ní ọdún 1536 ó bá àwọn ọmọ ogun ọba François Kìíní lọ sí ìhà Turin ní Italy, gẹ́gẹ́ bí oníṣẹ́ abẹ ọ̀gágun Montejan. Nígbà tí wọ́n wọ ìlú kan, ó wọ ilé ẹṣin kan láti so ẹṣin rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó bá òkú mẹ́rin níbẹ̀, àti àwọn mẹ́ta mìíràn tí wọ́n fara ti ògiri, tí ẹ̀tù ìbọn ti jó ojú wọn bàjẹ́, tí wọn kò ríran, tí wọn kò sì lè sọ̀rọ̀. Arúgbó ọmọ ogun kan dé, ó bi í bóyá ọ̀nà kan wà láti wò wọ́n sàn. Paré ní kò sí. Arúgbó náà súnmọ́ wọn, ó rọra dúńbú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, láìsí ìbínú lójú rẹ̀. Paré pariwo mọ́ ọn pé ènìyàn búburú ni. Èsì tó fún un ni pé òun ń bẹ Ọlọ́run kí ẹnìkan ṣe bẹ́ẹ̀ fún òun tí ọ̀rọ̀ náà bá kan òun. Paré kọ ìtàn yìí sílẹ̀ nígbà tó ti darúgbó, kò sì dá ẹjọ́ kankan sí i.

Kò tíì tọ́jú ọgbẹ́ ìbọn rí kó tó lọ sógun yìí. Ìwé tí àwọn oníṣẹ́ abẹ ń tẹ̀ lé, èyí tí Giovanni da Vigo kọ, sọ pé májèlé wà nínú ẹ̀tù ìbọn, àti pé òróró híhó ni kí wọ́n dà sójú ọgbẹ́ láti pa á. Paré wo ohun tí àwọn àgbà ń ṣe, òun náà sì ń da òróró. Lọ́jọ́ kan, òróró tán, àwọn tó gbọgbẹ́ kò tán. Ó po pupa ẹyin mọ́ òróró òdòdó róòsì àti térébenthine, ó fi tọ́jú àwọn tó kù. Kò fojú kan oorun lóru yẹn, nítorí ó rò pé òkú ni òun máa bá nílẹ̀ bó bá di àárọ̀.

Ó jí ní kùtùkùtù, ó lọ wò wọ́n. Àwọn tó fún ní àpòpọ̀ ẹyin ti sùn dáadáa, ọgbẹ́ wọn kò wú. Àwọn tó da òróró sí lára ń gbóná, wọ́n ń jẹ̀rora, ojú ọgbẹ́ wọn sì ti wú. Ó pinnu pé òun kò ní fi òróró híhó dá ẹnikẹ́ni lóró mọ́. Ó ṣeé ṣe kí òróró ti tán mọ́ ẹlòmíràn lọ́wọ́ ṣáájú rẹ̀. Èmi rò pé lílọ tó lọ wò wọ́n ní kùtùkùtù ló yà á sọ́tọ̀.

Láàárín àkókò yẹn, obìnrin àgbàlagbà kan láti abúlé sọ fún un pé àlùbọ́sà tútù tí wọ́n gún mọ́ iyọ̀ dára fún ara tí iná jó. Kò fi í ṣẹ̀sín. Nígbà tí ẹ̀tù jó ojú ẹ̀ṣọ́ kan ará Jámánì, ó fi àlùbọ́sà sí ìdajì ojú, ó fi oògùn tí gbogbo ènìyàn ń lò sí ìdajì kejì, ó sì ń wo èyí tí yóò sàn jù. Apá tí àlùbọ́sà wà kò lé ròrò bí ti èkejì. (Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí iná bá jó yín lónìí, omi tútù ni kí ẹ kọ́kọ́ lò, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn.) Oníṣẹ́ abẹ kan ní Turin náà ní oògùn ìkọ̀kọ̀ kan. Ọdún méjì ni Paré fi ń bẹ̀ ẹ́ kó tó sọ ọ́: ọmọ ajá tuntun tí wọ́n sè nínú òróró òdòdó, pẹ̀lú ekòló àti térébenthine. Ẹ lè rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹlòmíràn fi ṣe àṣírí, Paré kọ ọ́ sínú ìwé kí gbogbo oníṣẹ́ abẹ lè mọ̀ ọ́n.

Ìwé náà jáde ní 1545. Èdè Faransé ló fi kọ ọ́, kí àwọn ọ̀dọ́ onígbàjámọ̀ bíi tirẹ̀ lè kà á. Àwa tí à ń kọ ìròyìn ní Yorùbá ní Kétu, Ṣábẹ àti Àjàṣẹ́, níbi tó jẹ́ pé Faransé ni wọ́n fi ń kọ ìwé oògùn fún ìyá wa tí kò gbọ́ ọ, ó yẹ ká mọ̀ pé Faransé náà ti jẹ́ èdè ọjà rí, èdè tí àwọn ọ̀mọ̀wé ní kò tọ́ fún ọ̀rọ̀ ìṣègùn.

Ní 1552, ní ìdótì Damvillers, ọta àgbá fọ́ ẹsẹ̀ ọkùnrin kan. Paré gé e, ó wá ẹnu iṣan ẹ̀jẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó sì fi òwú so wọ́n. Àwọn ará àtijọ́ bíi Galen ti mẹ́nu kan síso iṣan tó bá já nínú ọgbẹ́, ṣùgbọ́n irin gbígbóná ni àwọn ẹlẹgbẹ́ Paré ń lò bí wọ́n bá gé ẹsẹ̀. Ọkùnrin náà yè, ó fi ẹsẹ̀ onígi padà sílé, inú rẹ̀ sì dùn pé wọn kò fi iná jó òun. Lọ́dún yẹn kan náà, nígbà tí Charles Karùn-ún dó ti Metz, ọba Henri Kejì ní kí wọ́n yọ́ Paré wọ ìlú lóru. Àwọn ọmọ ogun tó gbọ́ pé ó ti dé ní àwọn kò bẹ̀rù ọgbẹ́ mọ́.

Ó ṣiṣẹ́ fún Henri Kejì, François Kejì, Charles Kẹsàn-án àti Henri Kẹta. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló rí wọn gbà là. Ní 1559 igi ọ̀kọ̀ wọ orí Henri Kejì láti ojú níbi eré ẹṣin. Paré àti Vesalius wà níbẹ̀, ọba náà sì kú lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá. Nígbà ayé Charles Kẹsàn-án, ẹnìkan mú òkúta kan wá tí wọ́n ń pè ní bézoard, ó ní ó ń pa gbogbo májèlé. Paré ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò lè wà. Ọba fẹ́ dán an wò. Wọ́n mú alásè kan tí wọ́n fẹ́ẹ́ so rọ̀ nítorí pé ó jí àwo fàdákà méjì, wọ́n fún un ní májèlé àti òkúta náà, wọ́n ní bó bá yè, ó ti dòmìnira. Ó kú sínú ìrora lẹ́yìn bíi wákàtí méje. Ọ̀rọ̀ Paré jóòótọ́, ṣùgbọ́n kí a má parọ́, ìwà ìkà ni wọ́n hù sí ọkùnrin náà, kò sì sí dókítà tí wọ́n máa gbà láyè láti ṣe é lónìí.

Ó ṣe púpọ̀ sí i. Ó sọ ọ̀nà tí wọ́n fi ń yí ọmọ tó dábùú nínú ìyá rẹ̀, kí wọ́n lè fi ẹsẹ̀ fà á jáde. Ó gbé àwòrán ọwọ́ irin tí alágbẹ̀dẹ kan ṣe sínú ìwé. Ó kọ̀wé pé àwọn tí wọ́n ti gé lẹ́sẹ̀ ṣì ń ní ìrora ní ẹsẹ̀ tí kò sí mọ́, ohun tí àwọn dókítà ṣì ń bá jà títí di òní.

Ní 1554, ẹgbẹ́ Saint-Côme ti gbà á wọlé bí kò tilẹ̀ gbọ́ Látìn. Inú àwọn dókítà yunifásítì kò dùn. Nígbà tí àkójọpọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní 1575, Étienne Gourmelen, olórí wọn, lọ sí ilé ẹjọ́ láti dá a dúró: wọ́n ní ìwé ìṣègùn kò gbọdọ̀ jáde láìgba àṣẹ àwọn, àti pé onígbàjámọ̀ ń kọ̀wé nípa ibà, tí í ṣe iṣẹ́ dókítà. Ìwé náà ṣì tà. Ní 1580 Gourmelen kọ̀wé láti fi gbe irin gbígbóná lẹ́yìn. Ní 1585 Paré fún un lésì: ó to gbogbo ogun tó ti lọ lẹ́sẹẹsẹ, ó sì bi í pé kí ni òun fúnra rẹ̀ ti fọwọ́ ṣe rí. Kó tó di ìgbà yẹn, ní 1582, wọ́n ti túmọ̀ ìwé Paré sí Látìn.

Òwú rẹ̀ kò borí lọ́jọ́ kan. Kò sí oògùn akunilóorun títí di 1846, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó mọ̀ nígbà náà pé kòkòrò àìfojúrí ló ń ba ọgbẹ́ jẹ́. Àwọn oníṣẹ́ abẹ púpọ̀ ṣì ń lo irin fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Ní 1590, ogun dó ti Paris, ebi sì ń pa àwọn ènìyàn kú lójú pópó. Paré ti tó ọmọ ọgọ́rin ọdún. Pierre de L'Estoile, tó ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ ìlú sílẹ̀ lójoojúmọ́, ròyìn pé ó pàdé bíṣọ́ọ̀bù àgbà Lyon, ọ̀kan nínú àwọn tó di ìlú mú, lórí afárá Saint-Michel. Ó dá a dúró láàárín ọ̀nà, ó ní kó wo àwọn tálákà tí wọ́n ń kú, kó wá àlàáfíà. L'Estoile ní bíṣọ́ọ̀bù náà tẹ́tí sí i títí tó fi parí. Ìdótì náà tú láìpẹ́. Paré kú ní ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá ọdún yẹn, wọ́n sì sin ín sí ṣọ́ọ̀ṣì Saint-André-des-Arts, tí wọ́n ti wó lulẹ̀ láti ìgbà pípẹ́. Ère rẹ̀ ṣì wà ní Laval.