Michael Buonocore

Michael Buonocore (1918–1981) jẹ́ oníṣègùn eyín àti olùwádìí ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Òun ni ó ṣàwárí bí ohun ìdíhò ṣe lè lẹ̀ mọ́ eyín. Àwárí yìí ni ìpìlẹ̀ sealant, ìyẹn ọ̀dà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń bo ojú eyín kí ó má baà jẹrà.

Àwárí ọdún 1955

Buonocore ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn eyín Eastman ní ìlú Rochester, ìpínlẹ̀ New York. Ní àkókò náà, ohun tí a fi ń dí ihò eyín kì í lẹ̀ mọ́ eyín fúnra rẹ̀. Oníṣègùn ní láti gbẹ́ lára ibi tí ó ṣì dára kí ohun ìdíhò tó lè há síbẹ̀.

Buonocore ṣàkíyèsí pé àwọn ilé-iṣẹ́ a máa fi ásíìdì phosphoric pa ojú irin kí wọ́n tó kùn ún, kí ọ̀dà má baà ṣí. Iṣẹ́ irin kò ṣàjèjì sí àgbègbè ilé-iṣẹ́ bíi Sango-Ota ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ó fi ásíìdì kan náà pa ojú eyín fún ìṣẹ́jú àáyá 30, ó fi omi ṣàn án, ó sì fi acrylic lé e. Ásíìdì náà dá ihò wínníwínní sí ojú eyín, acrylic sì wọ inú wọn, ó dì mú. Èyí tí a lẹ̀ láìsí ásíìdì ṣí láàárín wákàtí díẹ̀. Èyí tí ó ní ásíìdì pẹ́ jù ú lọ fíìfíì. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí àwọn oníṣègùn eyín tó kọbi ara sí iṣẹ́ náà.

Sealant

Nígbà tí ọmọ bá tó nǹkan bí ọdún 6, àwọn eyín ńlá tí a fi ń lọ oúnjẹ a bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ojú wọn ní kòtò tóóró tí búrọ́ọ̀ṣì tàbí orín kò lè dé ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ní 1967, Buonocore àti Cueto jábọ̀ pé dídí àwọn kòtò náà dín eyín jíjẹrà kù ní ìdá 86 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín ọdún kan. Ní 1970, ó lo rẹ́sìnì tí Bowen ṣe, tí ìmọ́lẹ̀ ultraviolet ń mú le.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀

Ásíìdì tí a ń lò lónìí kò le tó ti ìṣáájú, ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ búlúù sì ti rọ́pò ultraviolet. Àwọn olùwádìí ń fi rẹ́sìnì wé glass ionomer. Èyí a máa tètè ṣí, ṣùgbọ́n ó ń tú fluoride sí ara eyín, a sì lè lò ó níbi tí ó ti ṣòro láti mú kí eyín gbẹ dáadáa. Ní 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi í kún àkójọ àwọn òògùn pàtàkì.

Ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn eyín àfi ìgbà tí eyín bá ń ro wọ́n. Sealant kì í wo eyín tí ó ti ń roni. Eyín tí ó ṣì dá ṣáṣá ni Buonocore ṣe é fún.