Sydney Ringer àti Ọkàn Àkèré

Bí a bá wọ ilé ìwòsàn ní Festac Town tàbí ní ibòmíràn ní Amuwo-Odofin, tí a sì bá aláìsàn tí wọ́n ń fa omi sí lára, ó ṣeé ṣe kí a rí orúkọ kan lára ike omi tí ó so rọ̀ lókè rẹ̀: Ringer. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé orúkọ oògùn ni. Orúkọ ènìyàn ni, oníṣègùn kan tí ó kú ní ọdún 1910, tí ó ṣí ọ̀nà tí àwọn oníṣẹ́ abẹ ń gbà dá ọkàn dúró lónìí láìjẹ́ kí ó kú.

Norwich ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a bí Sydney Ringer sí ní 1835. Àbúrò rẹ̀, Frederick, bá òwò dé Nagasaki ní ilẹ̀ Japan, ó sì di gbajúmọ̀ oníṣòwò níbẹ̀. Sydney ní tirẹ̀ lọ kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní University College ní London ní 1854, ilé ìwòsàn ibẹ̀ ni ó sì ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì ní 1900. Ó kọ ìwé ńlá kan lórí lílo oògùn, èyí tí ó jáde ní 1869. Kì í ṣe ìwé yẹn ni a fi ń rántí rẹ̀.

Láàárín ìtọ́jú aláìsàn kan sí èkejì ni ó máa ń yà sí yàrá àyẹ̀wò. Níbẹ̀ ni ó ti ń yọ ọkàn àkèré, tí ó ń da omi iyọ̀ gba inú rẹ̀, láti mọ ohun tí ó ń mú un lù. Ní 1882 ó kọ ohun tí ó rí sílẹ̀ fáyé kà. Kò mọ̀ pé omi ẹ̀rọ London ni wọ́n fi po omi iyọ̀ náà, kì í ṣe omi tí a sè, tí a gba oru rẹ̀, tí kò fi sí ohunkóhun nínú rẹ̀ mọ́. Nígbà tí wọ́n pò ó bí ó ti yẹ, kò pẹ́ tí ọkàn fi dákẹ́. Àṣé kálísíọ̀mù inú omi ẹ̀rọ ni ó ti ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ yìí wá! Ní 1883 Ringer tún ìwé kọ, ó sì sọ ní gbangba pé ohun tí òun kọ́kọ́ wí kò rí bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, ibi tí ọkùnrin náà ti wuyì jù nìyí. Ọ̀mọ̀wé mélòó ni yóò ṣe bẹ́ẹ̀?

Ó tún rí i pé pọtásíọ̀mù ń ta ko kálísíọ̀mù. Bí ó bá pọ̀ jù, ọkàn á dẹ̀, á sì dúró.

Ọmọbìnrin rẹ̀ kan kú ní ọmọ ọdún méje. Ní ìrántí ọmọ náà ni Ringer ṣe náwó tún ṣọ́ọ̀ṣì St Mary ṣe ní abúlé Lastingham ní Yorkshire. Abúlé yẹn ni ó fẹ̀yìn tì sí, ibẹ̀ náà ni ó kú sí.

Ó kú kí iṣẹ́ abẹ tí a ń ṣí ọkàn fún tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀fun dídùn ọmọdé tí a kò tọ́jú lè di ibà tí ń ba ilẹ̀kùn inú ọkàn jẹ́. Kí oníṣẹ́ abẹ tó lè tún ilẹ̀kùn náà ṣe, ọkàn gbọ́dọ̀ dúró, ẹ̀rọ yóò sì máa gbé ẹ̀jẹ̀ yí ara ká dípò rẹ̀. Ewu ibẹ̀ ni pé ẹran ọkàn fúnra rẹ̀ kì í rí ẹ̀jẹ̀ ní àkókò náà. Bí ó bá ń lù nígbà tí ebi ń pa á, á bàjẹ́. Wọ́n lè tún ilẹ̀kùn ṣe tán kí ọkàn má jí mọ́. Ní 1955, Denis Melrose ní London fi pọtásíọ̀mù dá ọkàn dúró, ṣùgbọ́n oògùn rẹ̀ le jù, ó ń ba ẹran ọkàn jẹ́, wọ́n sì pa á tì. Ní 1974, Fabian Udekwu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú Magdi Yacoub tí ó ti London wá, ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ní Enugu. Ìgbà yẹn náà ni David Hearse àti Mark Braimbridge ní ilé ìwòsàn St Thomas ní London ń wá ìwọ̀n pọtásíọ̀mù tí kò ní pa ọkàn lára. Wọ́n rí i: kí ó mọ níwọ̀n, kí omi rẹ̀ sì tutù. Ọkàn tí ó dẹ̀, tí ó tutù, oúnjẹ díẹ̀ ni ó ń fẹ́. Igò kékeré ni wọ́n ṣe oògùn náà sí, inú lítà omi Ringer kan ni wọ́n sì ń tú u sí kí wọ́n tó dà á sí ọkàn.