Pearl White, Akọni Obìnrin Inú Sinimá Aláìlóhùn

  Nínú ìwé àjọ̀dún, ó dáa ká máa ka ìtàn ẹni tó ti kọjá lọ, ká lè rí ohun tí a máa mú níbẹ̀ àti ohun tí a máa fi sílẹ̀. Èyí tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ará ilé wa, ará Amẹ́ríkà ni. Àmọ́ bí ẹ bá kà á dé ìsàlẹ̀, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ajé ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ níbikíbi.

Nígbà tí sinimá ò lóhùn

Àwọn ọmọ ìsinsìnyí tó ń wo fíìmù lórí fóònù lè má gbà gbọ́ pé ìgbà kan wà tí sinimá ò lóhùn. Ẹnu òṣèré á máa mì, ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́ ohun tó ń wí. Wọ́n á kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sójú aṣọ funfun fún ẹni tó mọ̀wé, ẹni tó ń tẹ dùùrù á sì máa tẹ̀ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Irú rẹ̀ ló kọ́kọ́ dé ilẹ̀ wa, nígbà tí wọ́n fi sinimá han àwọn ará Èkó ní Glover Memorial Hall ní oṣù kẹjọ ọdún 1903. Ó di nǹkan bí ọdún 1927 kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Láàárín ìgbà yẹn ni òkìkí Pearl White kàn.

Ìbí àti ìgbà èwe rẹ̀

Ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta ọdún 1889 ni wọ́n bí i ní Green Ridge, ìpínlẹ̀ Missouri. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀. Ọmọdé ló ṣì wà nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Ìlú Springfield ni wọ́n kó lọ, ibẹ̀ ló sì dàgbà sí. Ọmọ ọdún mẹ́fà ló wà nígbà tó kọ́kọ́ bá wọn ṣeré lórí ìtàgé. Nígbà tó dàgbà díẹ̀, ó tún ń bá ẹgbẹ́ eléré ìlú náà ṣe é. Bàbá rẹ̀ ò fẹ́ ẹ, àmọ́ kò gbọ́. Nígbà tó di ọmọ ọdún 18, ní 1907, ó bá ẹgbẹ́ eléré kan jáde, wọ́n ń lọ láti ìlú dé ìlú, bí àwọn alárìnjó tiwa ṣe máa ń ṣe. Ọdún yẹn náà ló fẹ́ òṣèré kan tó ń jẹ́ Victor Sutherland.

Ẹ ò rí iṣẹ́ Ọlọ́run! Ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ nítorí ariwo orí ìtàgé ní alaalẹ́. Òṣèré tí ohùn rẹ̀ bá lọ, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Àmọ́ sinimá ò nílò ohùn nígbà náà. Ní 1910, ó bá àwọn tó ń ṣe fíìmù ní New York ṣiṣẹ́, ó ń ṣe eré kéékèèké, pàápàá eré apanilẹ́rìn-ín. Kò na gbogbo owó tó ń rí níbẹ̀. Ó tọ́jú u títí ó fi lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ díẹ̀ ní 1913, tó lọ wo ilẹ̀ Yúróòpù fúnra rẹ̀.

Pauline dé

Nígbà tó padà sílé, ilé iṣẹ́ Pathé pè é pé kó wá ṣe sinimá àtìgbàdégbà kan tí wọ́n pè ní The Perils of Pauline. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sáré palẹ̀ ọjà mọ́ kí Arélù ti Jimoh Aliu tó bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n láyé ọdún 1980 sí òkè, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Apá kan lónìí, apá mìíràn lọ́jọ́ mìíràn. Apá 20 ni wọ́n ṣe ní 1914.

Ẹ wo ọgbọ́n òwò tó wà níbẹ̀. Bí sinimá ṣe ń jáde, bẹ́ẹ̀ ni ìwé ìròyìn ilé iṣẹ́ Hearst ń tẹ ìtàn náà jáde. Ẹni tó kà á á fẹ́ lọ wò ó, ẹni tó wò ó á fẹ́ rà á kà. Bí ẹni tó fi ata ẹ̀ sún mọ́ alálùbọ́sà ni: oníbàárà ẹnì kìíní ni oníbàárà ẹnì kejì. Kì í ṣe àwọn ló kọ́kọ́ dá a o. Ní 1912, wọ́n ti ṣe What Happened to Mary pọ̀ mọ́ ìwé ìròyìn àwọn obìnrin kan, Mary Fuller ló ṣe é. Kathlyn Williams, òun àti ẹranko igbó, tẹ̀ lé e ní 1913. Helen Holmes náà wà ńbẹ̀, òun àti ọkọ̀ ojú irin. Obìnrin ló máa ń wà níwájú, àwọn obìnrin tó wá ń wòran náà ò kéré.

Ìtàn Pauline fúnra rẹ̀ ò ṣàjèjì sí wa. Ọmọbìnrin kan ni, olówó tó tọ́ ọ dàgbà kú, ó fi ogún sílẹ̀ fún un. Akọ̀wé olówó náà ló ń tọ́jú ogún yìí títí Pauline á fi lọ́kọ. Pauline ní òun ò tíì lọ sílé ọkọ, òun fẹ́ rí ayé ná kí òun lè máa kọ ìwé. Akọ̀wé wá rò ó pé bí ọmọ yìí bá kú, òun lòun ni owó. Ìyẹn ló fi ń wá ikú rẹ̀ ní apá kọ̀ọ̀kan: lónìí bàlúù afẹ́fẹ́, lọ́la ọkọ̀ òfuurufú, lọ́tùn-ún iná. Àwọn kan gbà pé wọ́n so Pauline mọ́ ojú irin rélùwéè, àmọ́ kò sí nínú èyí tó ṣẹ́ kù títí dòní. Ohun tó wà níbẹ̀ ni obìnrin tó ń bọ́ nínú ewu, tó sì tún ń lọ bá òmíràn ní apá tó tẹ̀ lé e.

Owó àti ìrora

Pearl White fúnra rẹ̀ ló ń ṣe púpọ̀ nínú eré eléwu wọ̀nyí, torí ohun tí wọ́n jọ sọ nìyẹn nígbà tó gbaṣẹ́. Dọ́là 250 lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń san fún un. Nígbà tí òkìkí rẹ̀ kàn, tó ṣe The Exploits of Elaine tẹ̀ lé e, ó di dọ́là 1,750 lọ́sẹ̀, ìlọ́po méje gééré. Wọ́n ń wò ó dé ilẹ̀ Faransé, níbi tí wọ́n ti sọ orúkọ fíìmù náà di Les Mystères de New-York. Wíìgì ni irun tí àwọn èèyàn mọ̀ ọ́n mọ́ lórí aṣọ funfun. Bó bá ti ṣí i, ó lè bọ́ sígboro láìsí ẹni tó máa dá a mọ̀.

Àmọ́ Pauline yẹn náà ló ṣe é léṣe. Ó ṣubú nínú eré náà, ó fi eegun ẹ̀yìn gbọgbẹ́, ìrora náà ò sì fi í sílẹ̀ títí tó fi kú. Òde ò mọ̀. Iṣẹ́ ń lọ, owó ń wọlé, ó ń ṣe fíìmù kan tẹ̀ lé òmíràn: The Iron Claw, Pearl of the Army, The Fatal Ring, The House of Hate. Ní 1919, ó kọ ìwé nípa ìgbésí ayé ara rẹ̀, Just Me lorúkọ rẹ̀. Bí ẹni ń pàlọ́ ló kọ àwọn ibì kan níbẹ̀, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni èèyàn lè gbé lé ìwọ̀n.

Nígbà tó yá, ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í ba àwọn tó ń gbà á síṣẹ́. Bí ọjà bá fọ́, ta ló máa pàdánù? Wọ́n wá ń lo ọkùnrin, wọ́n á wọ aṣọ obìnrin fún un, wọ́n á dé wíìgì lé e lórí, òun ló máa bá a fò. Ní 1922, nígbà tí wọ́n ń ṣe Plunder ní New York, John Stevenson ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ó fò láti orí bọ́ọ̀sì tó ń sáré kó lè di irin afárá rélùwéè òkè mú. Ọwọ́ rẹ̀ ò bà á. Ó já lulẹ̀, ó sì kú. Plunder ni sinimá àtìgbàdégbà tí Pearl White ṣe kẹ́yìn.

Ilẹ̀ Faransé àti ìgbẹ̀yìn

Ó kó lọ sí Faransé, ó ṣe fíìmù kan tó kù, Terreur, ní 1924, ó sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ọmọ ọdún 35 ni. Ilé ọkọ ò tòrò fún un: òun àti Sutherland ti pín ní 1914, ọkọ kejì, Wallace McCutcheon, tó fẹ́ ní 1919, òun náà ò ju ọdún méjì lọ. Kò bímọ. Àmọ́ ní ti owó, kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun rẹ́ ẹ jẹ. Ó ti kó owó jọ, ó sì fi dókòwò: ó ra òtẹ́ẹ̀lì, ó ní ẹṣin eré ìje. Òun àti oníṣòwò ará Gíríìsì kan, Theodore Cossika, jọ ń rìn kiri ayé dé Íjíbítì.

Ẹ̀yìn rẹ̀ ò yéé dùn ún. Ọtí ló fi ń pa ìrora náà, ọtí sì ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹjọ ọdún 1938, ó kú ní ilé ìwòsàn àwọn ará Amẹ́ríkà ní Neuilly, lẹ́bàá Paris. Ọmọ ọdún 49 ni. Ibojì Passy ni wọ́n sin ín sí.

Ohun tó kù

Púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀ ló ti sọ nù. Nínú apá 20 tí Pauline ní, apá 9 tí wọ́n tún tò fún àwọn ará Yúróòpù ló ṣẹ́ kù. Síbẹ̀ wọn ò gbàgbé rẹ̀. Ní 1947 wọ́n ṣe fíìmù kan nípa rẹ̀, Betty Hutton ló ṣe é. Ní 2008, ìjọba Amẹ́ríkà fi Pauline sínú ìwé àkọsílẹ̀ fíìmù tí orílẹ̀-èdè gbọ́dọ̀ máa pa mọ́.

Nílé wa níbí náà, nígbà tí Hubert Ogunde bẹ̀rẹ̀ eré ní 1944, ní Glover Memorial Hall kan náà yẹn, ó pẹ́ kó tó rí obìnrin bá a ṣe é, torí wọ́n ka obìnrin eléré sí aláìníláárí. Nígbà tó yá, àwọn ìyàwó rẹ̀ gan-an ló di òṣèré rẹ̀. Ọ̀kan pàtàkì nínú wọn, Adeshewa Ogunde, kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ní 1970. Àwọn obìnrin wọ̀nyí ló la ọ̀nà tí àwọn òṣèrébìnrin òde òní ń rìn. Ara wọn ni wọ́n fi là á.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ jẹ́ ká mú ìtọ́jú owó rẹ̀, ká sì fi ìpamọ́ra rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó ń ru àpò ata, tó ń bẹ̀rẹ̀ gé ẹran láti ìdájí, òun náà mọ ẹ̀yìn dídùn. A máa ń ní kò sí nǹkan, a máa ń lo oògùn ara ríro, a tún máa ń padà sídìí ọjà. Owó tí a ń dá sí àpò ẹgbẹ́ yìí, kì í ṣe ti ọjà àti ti owó ilé ìwé ọmọ nìkan. Bí ẹ̀yìn bá ń dùn yín, ẹ yá nínú rẹ̀ lọ rí dókítà kó tó pẹ́. Ọjà á ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ bá padà dé.

Ọlọ́run á fún wa lówó, á fún wa ní àlàáfíà tí a máa fi ná an.