Esther Afua Ocloo: Obìnrin tó fi ṣílè mẹ́wàá bẹ̀rẹ̀ òwò, tó sì bá àwọn ìyálọ́jà kan ilẹ̀kùn báǹkì

Ní ọdún 1942, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ẹ̀kọ́ girama ń kiri ìgò jáàmù ọsàn méjìlá lójú títì. Àwọn tí wọ́n jọ kàwé rí i, wọ́n sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Lójú tiwọn, ẹni tó bá ti gba ìwé ẹ̀rí Cambridge, iṣẹ́ ọ́fíìsì ló tọ́ sí i. Ọjà kíkiri, iṣẹ́ ẹni tí kò rí ilé ẹ̀kọ́ lọ ni. Kò pẹ́ tí ìgò méjèèjìlá fi tán.

Esther Afua Nkulenu ni orúkọ rẹ̀ nígbà náà. Lẹ́yìn tó lọ́kọ ni ayé wá mọ̀ ọ́n sí Esther Afua Ocloo. Lónìí tí àwọn ilé iṣẹ́ ayánilówó ń sọ̀rọ̀ nípa ìyálọ́jà tí kò ní ilé tàbí ilẹ̀ tó lè fi dúró, obìnrin yìí wà lára àwọn tó kọ́kọ́ jà kí wọ́n lè dá irú oníṣòwò bẹ́ẹ̀ mọ̀.

Ọmọ alágbẹ̀dẹ ní Peki

Wọ́n bí i ní ọjọ́ 18, oṣù Kẹrin, ọdún 1919 ní Peki Dzake, láàárín àwọn ẹ̀yà Ewe, ní ilẹ̀ Gold Coast tó di Ghana lónìí. Alágbẹ̀dẹ ni George Nkulenu bàbá rẹ̀. Georgina ìyá rẹ̀ ń dáko, ó sì ń mọ ìkòkò. Owó kò fi bẹ́ẹ̀ sí nílé. Nígbà tó wọ ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń gbé inú ọgbà ní Peki Blengo, agbára àwọn òbí rẹ̀ kò ká owó oúnjẹ ibẹ̀, nítorí náà ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ló máa ń ru èlò oúnjẹ láti ilé, tí yóò sì máa dáná fún ara rẹ̀.

Cadbury, ilé iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ra kòkó ní Gold Coast, ló san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Achimota ní Accra, níbi tó ti kàwé láti 1936 sí 1941.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ṣílè mẹ́wàá

Àǹtí rẹ̀ kan ló fún un ní ṣílè mẹ́wàá nígbà tó jáde. Kò ná gbogbo rẹ̀. Ó fi mẹ́fà ra ọsàn, ṣúgà àti ìgò, ó se jáàmù náà, ó sì ta ìgò kọ̀ọ̀kan ní ṣílè kan. Ẹni tó bá mọ ìṣirò ọjà yóò ti rí i pé èrè orí rẹ̀ tó owó tó fi ra ọjà.

Bí ọ̀rọ̀ bá dúró síbẹ̀, ìtàn oríire lásán ni ì bá jẹ́, irú èyí tí ẹ ti gbọ́ nípa ọ̀pọ̀ olówó. Ibi tó yẹ kí a fọkàn sí ni ìgbésẹ̀ tó tẹ̀lé e. Ocloo padà sí Achimota, oníbàárà ló sì wá lọ. Ilé ẹ̀kọ́ náà gbà kí ó máa kó jáàmù àti omi ọsàn wá fún wọn lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Lẹ́yìn náà, iléeṣẹ́ ọmọ ogun ìjọba amúnisìn ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ní kí ó máa gbé omi ọsàn wá fún àwọn náà. Àdéhùn ọjà yìí ni báǹkì wò mọ́ ọn lára tó fi yá a lówó. Owó náà ló fi dá Nkulenu Industries sílẹ̀, tó fi orúkọ bàbá rẹ̀ pè.

Ní ẹkùn wa, ọ̀pọ̀ ètò ìrànwọ́ fún àwọn oníṣòwò kéékèèké ló ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi owó pípín. Ní Nàìjíríà, ètò TraderMoni, tó fi yíyá ọlọ́jà ní ₦10,000 bẹ̀rẹ̀, gbéra ní 2018, oṣù díẹ̀ ṣáájú ìdìbò ọdún 2019. Owó wúlò, kò sẹ́ni tí yóò jiyàn. Ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí olùpín owó bi ọlọ́jà léèrè ẹni tí yóò ra ọjà rẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Ẹni tó ní oníbàárà tó dájú, tó sì ní àdéhùn lọ́wọ́, kò lọ sí báǹkì bí alágbe.

Ọjà ìbílẹ̀ tí ará ilé kò fẹ́ rà

Achimota ló ràn án lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1949 sí 1951. Òun ni ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tó gba ìwé ẹ̀rí oúnjẹ sísè ní Good Housekeeping Institute ní London. Ó tún kọ́ nípa bí a ti ń tọ́jú oúnjẹ kó má bàa bàjẹ́, ní Long Ashton, ilé ìwádìí Yunifásítì Bristol.

Nígbà tó dé, ìṣòro mìíràn ló dúró dè é. Àwọn ènìyàn rẹ̀ gbà pé ohunkóhun tí wọ́n bá ṣe nílé kò lè dára tó ti òkè òkun. Ó kó àwọn oníléeṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ. Ní 1958, ọdún kan lẹ́yìn òmìnira, wọ́n ṣe ìpàtẹ ọjà àkọ́kọ́ fún ohun tí wọ́n ṣe ní Ghana. Òun náà ló di ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn oníléeṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè náà, ní 1964 sì ni ìjọba fi í ṣe alága ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oúnjẹ.

Onídùúró fún ẹni tí kò ní ilẹ̀

Àwọn ìyálọ́jà mọ bí a ti ń kó owó jọ. Èsúsú tí Yorùbá ń dá, susu ni wọ́n ń pè é ní Ghana, alájọ sì ń lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀ ní ọjà Makola gẹ́gẹ́ bó ti ń lọ ní Dùgbẹ̀. Àmọ́ èsúsú ní ibi tó mọ: ohun tí o dá ni wàá kó. Ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀rọ ìlọta tàbí tó fẹ́ gba òṣìṣẹ́ sí i, apá èsúsú lè má ká a. Báǹkì ní tirẹ̀ ń béèrè ìwé ilẹ̀, orúkọ ọkọ tàbí ti ẹbí ló sì sábà máa ń wà lórí ìwé náà.

Ọ̀rọ̀ yìí ni Ocloo gbé dé Mexico City ní 1975, níbi àpérò àgbáyé àkọ́kọ́ tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe lórí ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin. Lára àwọn tí wọ́n jọ rò ó ni Ela Bhatt láti India, tó ti ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àwọn obìnrin onísẹ́ ọwọ́ ní Ahmedabad, àti Michaela Walsh tó ń ṣiṣẹ́ ìdókòwò ní New York. Ìjíròrò náà ló bí Women's World Banking, tí wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ lábẹ́ òfin ní 1979. Ocloo ni alága àkọ́kọ́ fún ìgbìmọ̀ rẹ̀.

Iṣẹ́ onídùúró ni ẹgbẹ́ náà fi bẹ̀rẹ̀. Bí obìnrin kan bá fẹ́ yá owó, báǹkì ìlú rẹ̀ ni yóò yá a, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ àgbáyé náà àti ẹ̀ka rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè obìnrin náà yóò bá báǹkì pín ewu rẹ̀. Tí gbèsè bá bàjẹ́, báǹkì kò ní dá a jẹ. Báyìí ni ẹni tí kò ní ìwé ilẹ̀ ṣe rí ẹni tí yóò dúró fún un.

Nínú ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ àwọn obìnrin, ìṣirò ló máa ń tẹnu mọ́. Ọ̀pọ̀ olóúnjẹ kò mọ èrè orí abọ́ kan. Wọn a ka owó ìrẹsì àti epo, wọn a gbàgbé igi ìdáná, wọn kì í sì í ka wákàtí tí àwọn fúnra wọn fi dúró nídìí ààrò. Ó gbà pé obìnrin tó ń ta ìrẹsì àti ọbẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà lè máa rí owó ju ọ̀pọ̀ obìnrin tó wà ní ọ́fíìsì lọ. Ohun tó ń dùn ún ni pé wọn kì í ka irú ẹni bẹ́ẹ̀ sí oníṣòwò gidi. Òun tí wọ́n ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí ìgò jáàmù mọ ohun tó ń sọ.

Ní 1990, ó gba Ẹ̀bùn Áfíríkà fún aṣáájú tó ń gbógun ti ebi. Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ni wọ́n jọ pín in, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tó gbà á. Ó kú ní Accra ní oṣù Kejì, ọdún 2002, lẹ́ni ọdún 82.

Nkulenu Industries ṣì ń ṣiṣẹ́ ní Madina, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Accra. Agolo omi ẹyìn tí àwọn ará Ghana fi ń se ọbẹ̀ abenkwan wà lára ọjà tí wọ́n ń kó lọ sí òkè òkun, orúkọ alágbẹ̀dẹ Peki sì wà lára agolo náà.