Ẹfúnṣetán Aníwúrà: Ìyálóde tó kọ̀ láti fi owó rẹ̀ bọ́ ogun Ààrẹ Látòóṣà

Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Karùn-ún ọdún 1874 ni Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò Látòóṣà, tó jẹ́ olórí Ìbàdàn nígbà náà, gba oyè Ìyálóde lọ́wọ́ Ẹfúnṣetán Aníwúrà. Ẹ̀sùn mẹ́ta ló fi kàn án. Wọ́n ní nígbà tí Ààrẹ kó ogun lọ sí Adó, Ìyálóde kò bá a lọ. Wọ́n ní kò fi oúnjẹ tàbí ohun ìjà kankan ránṣẹ́ sí ibùdó. Wọ́n tún ní nígbà tí ogun ń bọ̀ wálé, kò jáde lọ pàdé Ààrẹ lẹ́yìn odi láti kí i kú àbọ̀. Ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀sùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí dáadáa. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó jẹ mọ́ ìwà ìkà tí gbogbo ayé fi mọ obìnrin náà lónìí. Ọ̀rọ̀ ogun ni gbogbo wọn dá lé lórí.

Ọmọ Ẹ̀gbá ni Ẹfúnṣetán. Ògúnrìn ará Ìkìjà ni bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì wá láti Ifẹ̀. Ìbàdàn ló ti di ènìyàn ńlá. Ó ń ta ìbọn àti ẹ̀tù, ó ń ta tábà àti aṣọ, ó sì ń ta ẹrú pẹ̀lú. Nígbà tó fi máa gba oyè Ìyálóde lẹ́yìn Ṣubúọlá, ìwọ̀nba ni àwọn ọkùnrin ìlú tí wọ́n lè fọwọ́ sọ̀yà pé owó àwọn tó tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n oko ni ọrọ̀ rẹ̀ fẹ̀ sí jù lọ. Bí Ìbàdàn ṣe rí láyé ọjọ́un ni pé àwọn olóyè ní ilé nínú odi, wọ́n sì ní oko lẹ́yìn odi, ní àgbègbè tó di ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, Lágelú, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà lónìí. Ọ̀pọ̀ abúlé tó wà níbẹ̀ títí di òní, oko ológun kan tàbí ti olóyè kan ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn òpìtàn sọ pé Ẹfúnṣetán ní oko ńlá mẹ́ta, àti pé ẹrú tó ń ṣiṣẹ́ fún un tó ẹgbẹ̀rún méjì. Iṣu, àgbàdo àti epo tó ń ti irú oko bẹ́ẹ̀ jáde ló ń bọ́ ìlú, òun náà ló sì ń bọ́ ogun. Ológun tó bá ń lọ kò lè ru ìbọn lásán, àfi kó ní oúnjẹ lápò.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Tí ogun bá dé, àwọn olórí ogun a wá sọ́dọ̀ Ìyálóde, wọ́n a gba ìbọn àti ẹ̀tù ní àwìn, wọ́n a sì ṣèlérí pé bí àwọn bá kó ẹrú àti ẹrù bọ̀, àwọn yóò san án. Nígbà tí wọ́n bá dé, ìtàn a yí padà. Gbèsè yìí ń gorí ara wọn lọ́dọọdún, Ààrẹ Látòóṣà sì wà lára àwọn tó jẹ ẹ́. Nígbà tó yá, Ìyálóde ní òun kò tà láwìn mọ́, ó sì kọ̀ láti yọ̀ǹda àwọn ẹrú rẹ̀ tó mọ ìbọn í yìn fún ogun.

Ìlú pín sí méjì lórí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn tó wà lẹ́yìn Ààrẹ ní Ìbàdàn kò ní iṣẹ́ méjì ju ogun lọ: ogun ló dá ìlú sílẹ̀, òun ló lé àwọn Fúlàní sẹ́yìn ní Òṣogbo ní 1840, òun náà ló sì ń kó ẹrú tó ń ro oko wá. Lójú tiwọn, olóyè tó bá di owó rẹ̀ mú nígbà tí àwọn ọmọ ìlú wà lójú ìjà, ọ̀dàlẹ̀ ni. Wọn a tún rán ara wọn létí pé ọmọ Ẹ̀gbá ni obìnrin náà, pé ọkàn rẹ̀ wà ní Abẹ́òkúta. Àwọn kejì rí i bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìgbàkígbà tí Ìbàdàn bá ti bá àwọn aládùúgbò jà, Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú a ti ọ̀nà Èkó pa, epo a kúnlẹ̀ lóko láìrí ẹni rà á, ẹ̀tù àti iyọ̀ a sì wọ́n. Nínú àwọn olóyè gan-an ni àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí yé wà, àmọ́ ìwọ̀nba wọn ló lè sọ ọ́ síta.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé à ń sọ pé ẹni àlàáfíà ni Ẹfúnṣetán o. Ogun ló fi di olówó, ẹrú tí ogun kó ló sì ń ro oko rẹ̀. Nígbà tí ọmọ kan ṣoṣo tó bí, obìnrin, kú sórí ìkúnlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ le sí àwọn ẹrú rẹ̀ débi pé ó ka oyún léèwọ̀ fún àwọn obìnrin inú wọn. Wọ́n ní mọ́kànlélógójì ni àwọn tó ní kí wọ́n bẹ́ lórí. Ìkà ni èyí, kò sì sí bí a ṣe lè bò ó. Ohun tí a ń sọ ni pé, ní Ìbàdàn ọdún 1874, kì í ṣe nítorí ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹrú yẹn ni wọ́n fi rọ̀ ọ́ lóyè.

Wọ́n fi Ìyáọlá, tó jẹ́ Ọ̀tún rẹ̀, sórí oyè. Ẹfúnṣetán san owó ìtanràn tí wọ́n bù fún un, ó sì bẹ àwọn olóyè kí wọ́n bá òun bẹ Ààrẹ. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Ìgbà náà ni wọ́n wá ọ̀nà wọ inú ilé rẹ̀. Kumuyilọ, ẹni tó gbà tọ́ bí ọmọ, ni wọ́n rí bá sọ̀rọ̀. Ní òru ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Kẹfà, àwọn ẹrú rẹ̀ gba òkè àjà wọlé bá a lórí oorun, wọ́n sì pa á.

Ọ̀pọ̀ wa ló mọ ìtàn yìí láti inú eré tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, èyí tó jáde ní 1970. Nínú eré náà, májèlé ni ìyá náà fọwọ́ ara rẹ̀ jẹ. Eré tó dára ni, àmọ́ ó ti mú kí púpọ̀ nínú wa gbàgbé pé àwọn olóṣèlú ìgbà ayé rẹ̀ ló dìtẹ̀ pa á. Samuel Johnson, tó ń gbé Ìbàdàn ní àkókò náà, kọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1921.

Àwọn Ẹ̀gbá tó ń gbé ìlú Ìbàdàn kò dákẹ́. Wọ́n ní àfi kí wọ́n wádìí ikú ọmọ wọn. Ìwádìí ṣẹlẹ̀, wọ́n sì pa ẹrú méjì. Ẹni tó rán wọn níṣẹ́ kò kú.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, ní 1877, Látòóṣà tún kéde ogun sí àwọn Ẹ̀gbá. Sẹ́ríkí Ìyápọ̀, ọmọ Balógun Ìbíkúnlé, wà lára àwọn tó ta kò ó. Balógun Àjàyí Ogboríẹ̀fọ̀n kọ́kọ́ wà lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi í sílẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ gbóná. Wọ́n fipá mú Ìyápọ̀ pa ara rẹ̀. Láti ìgbà náà, kò sí olóyè tó tún lè dúró síwájú Ààrẹ pé kó má lọ. Kò pẹ́ tí ogun Èkìtì Parapọ̀ tí a mọ̀ sí Kírìjì fi bẹ́ sílẹ̀. Ibùdó ogun yẹn ni Látòóṣà fúnra rẹ̀ kú sí ní 1885, kò fojú kan Ìbàdàn mọ́. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní 1886, síbẹ̀ ọdún 1893 ni àwọn ọmọ ogun tó tú ibùdó ká, tí àwọn tó kù nínú wọn sì padà sí oko wọn.