Edith Clarke, Obìnrin Tó Wá Ààlà Agbára Wáyà



Lọ́sẹ̀ tó kọjá tí iná lọ nígbà tí à ń kàwé alẹ́, mo ní bí wọ́n bá ṣáà lè kọ́ ilé iṣẹ́ amúnáwá sí i, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Olùkọ́ Físíìsì wa ní kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní wáyà tó ń gbé iná náà ní súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tirẹ̀, bíi ọ̀nà mọ́tò. Wọ́n wá dárúkọ Edith Clarke fún mi, mo sì lọ wá ìtàn rẹ̀ kà.

Ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí ní 1883. Ọmọ ọdún 12 ni nígbà tó di ọmọ òrukàn. Owó ogún rẹ̀ ló fi lọ sí ilé ìwé gíga Vassar, ó sì gboyè níbẹ̀ ní 1908. Ó ṣe tíṣà, lẹ́yìn náà ó ń bá àwọn ẹnjiníà AT&T ṣe ìṣirò. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń pe irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Èèyàn ni o, kì í ṣe ẹ̀rọ!

Ní 1919, òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó gboyè kejì nínú ẹ̀kọ́ iná mànàmáná ní MIT. Síbẹ̀, kò rí ẹni gbà á bí ẹnjiníà. General Electric ní kó máa bójú tó àwọn tó ń ṣe ìṣirò. Ó fi í sílẹ̀ ní 1921, ó lọ kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní Físíìsì ní Tọ́kì. Nígbà tó padà dé ní 1922, ilé iṣẹ́ yẹn kan náà ló wá gbà á bí ẹnjiníà.

Nígbà náà, wáyà ń gùn sí i, iná tó ń gbà á kọjá sì ń pọ̀ sí i. Báwo ni iná tí wáyà kan lè gbé ṣe pọ̀ tó? Pé wáyà ń gbóná nìkan kọ́ ni ìṣòro. Ẹ wo àwọn méjì tó ń gún iyán nínú odó kan: bí ọmọ odó wọn ò bá tẹ̀lé ara wọn, wọ́n á kọlura. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ẹ̀rọ amúnáwá tí wáyà gígùn so pọ̀. Bí a bá di ẹrù ru wáyà náà ju agbára rẹ̀ lọ, wọn ò ní lè yí pọ̀ mọ́, gbogbo agbègbè sì lè ṣókùnkùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Clarke fi ìṣirò wá ààlà yẹn. Ó ṣe ohun èlò kan tó mú ìṣirò wáyà gígùn yá, wọ́n sì fún un ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ ní 1925. Ní 1926, òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó ka iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ níwájú ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà iná ní Amẹ́ríkà, lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Ó kọ ìwé ńlá jáde ní 1943, ó ń kọ́ni ní Yunifásítì Texas láti 1947, ó sì kú ní 1959.

Títí dòní, àwọn tó ń darí iná ń ṣọ́ ààlà wáyà kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá fẹ́ kún jù, wọ́n á ní kí ilé iṣẹ́ amúnáwá kan dín iná kù, kí òmíràn tó wà lápá kejì fi kún tirẹ̀. Bí ìyẹn ò bá ṣeé ṣe, wọ́n á mú iná àdúgbò kan, kí ti gbogbo ìlú má bàa lọ.

Èmi tí mo ti fẹ́ ju Further Maths sílẹ̀, torí wọ́n ní iṣẹ́ ọkùnrin ni, mo ti padà sí kíláàsì. Àyè ṣì wà níwájú o.