Anna Hinderer: Òyìnbó Tí Ó Di Ìyá Àwọn Ọmọ Kúdẹtì

Lóde òní, kò ṣàjèjì mọ́ kí ọ̀dọ́ onígbàgbọ́ yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti lọ sí ilẹ̀ òkèèrè, kí ó lọ kọ́ àwọn ọmọ aláìní ní ìwé láìgba owó oṣù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ń lọ sí ilẹ̀ Íńdíà. Ẹlòmíràn a lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan, a kọ́ àwọn ọmọ, a wọ irú aṣọ wọn, a tọ́ oúnjẹ wọn wò, a sì padà sílé pẹ̀lú àwòrán púpọ̀. A kò bu ẹnu àtẹ́ lu irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ mọ ohun tí iṣẹ́ yìí lè gbà lọ́wọ́ ènìyàn, ìtàn tiwa gan-an tó wò. Ìgbà kan wà tí ó jẹ́ pé ilẹ̀ Yorùbá ni ilẹ̀ òkèèrè náà, tí àwọn ọmọ wa sì jẹ́ ọmọ tí àlejò wá kọ́. Ìjọ káàkiri ayé mọ Amy Carmichael, ọmọ ilẹ̀ Ireland, ẹni tí ó dé Íńdíà ní 1895, tí ó tọ́ àwọn ọmọ ní Dohnavur, tí ó sì kú síbẹ̀ ní 1951 láìpadà sílé. Ọdún méjìlélógójì ṣáájú rẹ̀ ni Anna Hinderer ti wọ Ìbàdàn.

Abúlé Hempnall ní ẹkùn Norfolk, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni a ti bí i ní ọdún 1827. Anna Martin ni orúkọ rẹ̀ nígbà náà. Ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Lẹ́yìn èyí, ó lọ gbé ní Lowestoft, ìlú etí òkun, níbi tí àlùfáà ìjọ ibẹ̀, Francis Cunningham, àti aya rẹ̀ ti fà á mọ́ra bí ọmọ. Ó ṣì kéré púpọ̀ nígbà tí ó tọrọ àyè pé kí wọ́n jẹ́ kí òun máa kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Nígbà tí ó yá, àwọn ọmọ alákìísà tí ẹnikẹ́ni kò kà sí ni ó ń kó jọ. Nítorí náà, kì í ṣe ojú ọ̀nà Áfíríkà ni ìfẹ́ ọmọ tálákà ti bá a. Ó ti wà lára rẹ̀ kí ó tó wọ ọkọ̀.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1852, ó fẹ́ David Hinderer, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí ó jẹ́ ajíhìnrere ẹgbẹ́ C.M.S., tí ó sì ti dé Ìbàdàn wò ní 1851. Kò pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìgbéyàwó wọn tí ibà fi dá a dùbúlẹ̀ ní Èkó. Ní oṣù kẹrin ọdún 1853, wọ́n gba Abẹ́òkúta kọjá wọ Ìbàdàn, àwọn ènìyàn sì tú jáde láti wo obìnrin òyìnbó. Ilé alámọ̀ olórùlé koríko ni wọ́n kọ́kọ́ gbé. Ẹni tí ó wá kọ́ni ni ó kọ́kọ́ di akẹ́kọ̀ọ́: ó ní láti kọ́ èdè, ó ní láti mọ bí a ti ń kíni ní àárọ̀, ní ọ̀sán àti ní alẹ́, ó sì ní láti jẹ́ kí wọ́n wo òun ní àwòtúnwò.

Ilé-ẹ̀kọ́ kò kún lọ́jọ́ kan. Ìlú jagunjagun ni Ìbàdàn ìgbà náà. Baba tí ó fẹ́ kí ọmọ òun di ológun kò rí ohun tí ìwé yóò ṣe fún un, ẹ̀rù sì ń bà á pé bóyá ojo ni yóò sọ ọ́ dà. A kò lè dá irú baba bẹ́ẹ̀ lẹ́bi. Ta ni nínú wa ni yóò fa ọmọ rẹ̀ lé àlejò tí ó dé láná lọ́wọ́? Síbẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè fi ọmọ méjì sílẹ̀, Akínyẹlé àti Yéjídé. Àwọn méjì yìí ni ìpìlẹ̀ agbo náà. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn mìíràn tẹ̀lé wọn, tí ilé Hinderer ní Kúdẹtì fi di ilé ọmọ. Wọ́n ń kọ́ ìwé kíkà, orin àti aṣọ rírán, Ìyá ni wọ́n sì ń pè é. Òun fúnra rẹ̀ kò bí ọmọ.

Àwọn kan nínú agbo náà jẹ́ ọmọ tí ogun kó. Ògúnyọmí jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ọmọbìnrin tí a rà padà kúrò lóko ẹrú. Lọ́jọ́ kan ni ìyá tí ó bí i, tí òun náà ti di ẹni ogun kó, ṣe kòńgẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn, ó sì dá a mọ̀.

Àìsàn kò jẹ́ kí Anna sinmi. Kefer, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Jámánì tí ó bá wọn ṣiṣẹ́, kú ní 1855. Ní 1856, tọkọtaya náà padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí ara lè mókun, wọ́n sì padà dé ní ìbẹ̀rẹ̀ 1858. Henry Johnson, olùkọ́ tí ó ti Sàró wá, àti ìdílé rẹ̀ bá wọn dé. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀, Sámúẹ́lì, wá dàgbà ní Kúdẹtì.

Ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860. Ìbàdàn dojú kọ Ìjàyè, Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Ìjàyè, ọ̀nà Ẹ̀gbá àti ti Ìjẹ̀bú sì dí pa. Ẹrù kò ti Èkó wá mọ́, owó ẹyọ tán, oògùn tán. Ìjàyè ṣubú ní 1862, ṣùgbọ́n ogun kò tán nílẹ̀ títí di 1865. Ní gbogbo àkókò yìí, agbo ọmọ kan wà lọ́dọ̀ Anna tí ó gbọ́dọ̀ jẹun. Wọ́n ta ohun èlò ilé wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí kan agolo tí ẹlòmíràn ì bá dà nù, kí wọ́n lè rí iṣu àti ẹ̀wà rà. Ẹni tí ó bá ti gba ọmọ ọlọ́mọ sílé ní Igbótàkó wa yìí, tí ó sì ti wo ìkòkò ní ọjọ́ tí pupurú kò kárí, yóò mọ irú òru tí obìnrin náà ń sùn. Ara rẹ̀ ń bàjẹ́ lọ. Kò sí adéhùn kan tí ó dè é mọ́bẹ̀ ju àwọn ọmọ náà lọ.

Ní 1865, Glover tí ó ń ṣàkóso Èkó rán ọ̀gágun Maxwell kí ó wá ọ̀nà gba inú igbó lọ mú wọn jáde. Ó dé lójijì, wákàtí díẹ̀ péré ni Anna sì ní láti palẹ̀ mọ́. Hinderer kò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ kan náà, nítorí náà aya rẹ̀ nìkan ni a gbé lọ lóru, ó sì fi àwọn ọmọ sílẹ̀ pẹ̀lú omijé. Ó tún padà wá lẹ́yìn èyí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1869 ni ó tó fi Ìbàdàn sílẹ̀ pátápátá, nítorí pé ara kò gbà á mọ́. Ó kú ní Martham, ní Norfolk, ní oṣù kẹfà ọdún 1870, ní ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì. A kó àwọn lẹ́tà àti àkọsílẹ̀ rẹ̀ jọ, a sì tẹ̀ wọ́n jáde ní 1872.

Ẹni tí ó bá ka ìwé náà lónìí yóò rí i pé kì í ṣe gbogbo ohun tí ó rí ni ó yé e. Ojú òyìnbó ayé ìgbà náà ni ó fi wo ẹ̀sìn àti ìṣe àwọn bàbá wa, ó sì ka ohun púpọ̀ sí òkùnkùn tí àwa yóò fẹ́ tún yẹ̀ wò. Kí á sọ ọ́ bí ó ti rí. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ tó láàrin wọn tí àwọn ènìyàn náà fi yé e ju àṣà wọn lọ, ìyẹn kì í sì í ṣe ohun tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lè fúnni.

Nígbà tí àwọn òyìnbó lọ, ìjọ Ìbàdàn kò tú ká. Daniel Olúbí, ọmọ Abẹ́òkúta tí ó ti bá wọn gbé láti ìbẹ̀rẹ̀, ni ó di olùṣọ́ àgùntàn. Sámúẹ́lì Johnson tí a mẹ́nu bà lókè ni ó kọ ìwé ìtàn Yorùbá tí gbogbo wa ń gbé gẹ̀gẹ̀ títí di òní. Josiah Akínyẹlé ni ó bí Alexander Babátúndé, ẹni tí ó dá Ibadan Grammar School sílẹ̀ ní 1913, tí ó sì di Bíṣọ́ọ̀bù Ìbàdàn. Ó tún bí Isaac Babalọlá, ẹni tí ó jẹ Olúbàdàn láti 1955 títí di 1964, tí ó sì jẹ́ ààrẹ ìjọ C.A.C.

David Hinderer, lẹ́yìn tí ó ti sin aya rẹ̀, tún padà wá sí ilẹ̀ Yorùbá láàrin ọdún 1870 sí 1880. Kì í ṣe Ìbàdàn ni ó wá lọ́tẹ̀ yìí. Léèkì ni ó fìdí kalẹ̀ sí, ó sì dojú iṣẹ́ kọ Òde Oǹdó, ní ọ̀nà ìlà-oòrùn tí Glover ti là ní 1872, èyí tí ó ti ọ̀sà wọ ilẹ̀ lọ láti ìhà ọ̀dọ̀ tiwa níhìn-ín.